Ta Ni Ó Jókòó Ti Aláìsàn? Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́jú Àárẹ̀ Ọpọlọ Láti Àrò Títí Dòní

Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ bú ẹnìkan pé orí rẹ̀ kò pé, kì í sábà dárúkọ àìsàn. Orúkọ ilé ìwòsàn ló máa ń dá. Ará Èkó á ní Yábàá Lẹ́fútì ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Ará Abẹ́òkúta àti ti Ìbàdàn á ní Àrò ló yẹ kó ti máa sùn. Kò sẹ́ni tó ń fi ilé ìwòsàn ojú bú ẹni tí kò ríran dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún ṣe ẹnikẹ́ni lẹ́sín. Ilé ìwòsàn ọpọlọ nìkan ni orúkọ rẹ̀ di èébú, ẹni tó bá sì ti gba káàdì níbẹ̀ rí ti gba èébú náà mọ́ ọn.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni èyí: kí ló ń mú kí àánú wà nínú ìtọ́jú aláàárẹ̀ ọpọlọ nílé ìwòsàn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dáhùn pé ìwà nọ́ọ̀sì ni, tàbí ojú rere dókítà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú rere dára, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè tán lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù tí èrò kún fọ́fọ́. Ètò ló ń gbé àánú ró: ta ni ó jókòó ti aláìsàn, ta ni ó ń sanwó, èdè wo ni wọ́n fi ń ṣàlàyé fún un, ṣé ilẹ̀kùn ń ṣí àbí wọ́n tì í pa. Níbi tí ètò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, nọ́ọ̀sì tí inú ń bí pàápàá kò ní lè ṣèkà púpọ̀. Ilẹ̀ wa sì ti mọ ètò yìí rí, débi pé àwọn òyìnbó ń wọkọ̀ òfuurufú wá wò ó.

Kí ilé ìwòsàn tó dé, àwọn bàbá wa ní ibi tí wọ́n ń gbé wèrè lọ. Ilé oníṣègùn ni. Ìtọ́jú ibẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Egbò àsọ́fẹyẹjẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò kí ara ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná lè rọ̀, kó sì sùn. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó wá ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn 1955, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn wọ̀nyí, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Inú egbò igi náà ni èròjà reserpine wà, èyí tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà àti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àìsàn ọpọlọ láàárín 1950 sí 1960, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i lára igi kan ní Íńdíà tó jẹ́ ìbátan àsọ́fẹyẹjẹ.

Ilé oníṣègùn kan náà yìí ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti àbà wà. Wọ́n ń na aláìsàn ní pàṣán, wọ́n ń febi pa á kí èyí tó ń gbé e ṣe wèrè lè sá kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìtọ́jú àwọn bàbá wa kìkì àánú ni, irọ́ ló ń pa. Ẹni tó bá sì ní kìkì ìkà ni, kò wò ó dé òpin. Òpin rẹ̀ gan-an ló yẹ ká wò. Nígbà tí ara aláìsàn bá yá, wọ́n á mú un lọ sétí odò, wọ́n á ṣètùtù, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, aṣọ tó wọ̀ nígbà àìsàn á bá omi lọ, á sì wọ aṣọ tuntun wálé. Gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò ló mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ọ̀rọ̀ yẹn ti parí. Ohun tí ilé ìwòsàn òde òní ń fún ẹni tí ara rẹ̀ yá ni ìwé pélébé kan àti ọjọ́ tí yóò padà wá gba oògùn. Kò sí ohun tó sọ fún àdúgbò pé kí wọ́n gbà á padà, àdúgbò náà kì í sì í tètè gbà á.

Òwe àwọn àgbà ni pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Gbólóhùn yìí le, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ìyà náà ń jẹ gan-an. Ìgbàgbọ́ kan tún wà pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Ìgbàgbọ́ yìí ló máa ń mú kí ẹbí sáré gbé aláìsàn kúrò níta, èyí tó dára, òun náà ló sì ń mú kí wọ́n jáwọ́ lára ẹni tó ti jáde lọ, èyí tí kò dára rárá. Mo mọ̀ pé àwọn tó ti wọ ọjà, tí wọ́n tọ́jú, tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, wà káàkiri. Wọn kì í kàn pariwo ara wọn ni.

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lórí ohun tí ìjọba amúnisìn ṣe, nítorí wọn kò ṣe púpọ̀. Wọ́n ṣí ilé àwọn wèrè sí Kàlàbá, lẹ́yìn náà wọ́n ṣí ti Yábàá ní 1907. Òfin ọdún 1916 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé gẹ́gẹ́ bíi wèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí dókítà ọpọlọ kankan tó ń gbé ibẹ̀ tọ́jú wọn. Ohun tí ìjọba ń fẹ́ ni kí ẹni tó ń da ìgboro rú kúrò lójú títì. Ní 1944, wọ́n sọ ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, di ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì ti da ọpọlọ wọn rú sí. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ ni. Lántòrò ṣì wà títí dòní, ó sì ti di apá kan ilé ìwòsàn Àrò.

Abẹ́òkúta yìí kan náà ni wọ́n bí Thomas Adéoyè Lámbò sí ní 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì kọ́ ti ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba ń kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ tuntun kan sí Àrò lẹ́yìn odi ìlú, wọ́n sì ní kó wá ṣe olórí rẹ̀. Nígbà tó dé ní 1954, ilé náà kò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó dúró de àwọn kọ́lékọ́lé. Lámbò kò dúró. Ó lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí Àrò ká, ó bẹ̀ wọ́n kí àwọn ará abúlé gba àwọn aláìsàn sílé.

Mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wo bí ètò náà ṣe rí, nítorí inú kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ ni àánú wà. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá: ìyá, àbúrò, ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí. Àwọn méjèèjì á gba yàrá ní abúlé, ilé ìwòsàn á sì rí i pé onílé rí owó ilé gbà. Ìbátan yìí ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ, òun ló ń mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà sílé lọ́sàn-án. Níbẹ̀ ni aláìsàn ti ń gba abẹ́rẹ́ àti oògùn, tàbí iná ọpọlọ, ìyẹn iná mànàmáná tí wọ́n ń fi sí i lórí, bó bá yẹ, tí dókítà sì ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, abúlé ló wà: ó ń báwọn lọ sóko, ó ń báwọn ta ayò, ó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Lámbò kò fi ọ̀rọ̀ dídùn nìkan bá àwọn ará abúlé lò. Ó wá owó tí wọ́n fi yá wọn kí wọ́n lè tún ilé wọn ṣe, kí wọ́n sì fi yàrá kún un. Omi ẹ̀rọ wọ abúlé, wọ́n gbẹ́ ilé ìgbẹ́, wọ́n ń fín oògùn ẹ̀fọn. Ẹni tó gba wèrè sílé jèrè rẹ̀ ní gbangba. Àwọn kan á ní òwò nìyẹn, kì í ṣe àánú. Èmi rò pé ọgbọ́n rẹ̀ gan-an nìyẹn: Lámbò mọ̀ pé àdúgbò kì í fẹ́ràn aláìsàn ọpọlọ nítorí ìwàásù, ó sì fún wọn ní ìdí láti rí i lójoojúmọ́ títí ẹ̀rù rẹ̀ fi kúrò lára wọn.

Ó tún ṣe ohun kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó fi ń fojú òdì wò ó. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọ inú ètò náà. Wọn kò fún wọn ní abẹ́rẹ́ láti gún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń darí àwọn eré àti àpéjọ abúlé, wọ́n sì ń ṣàlàyé fún dókítà ohun tí aláìsàn ń sọ nígbà tó bá ní ayé ń bá òun jà. Ọmọ Yorùbá tó gbà pé ègún tàbí àjẹ́ ló fà á kò ní fọkàn tán ẹni tó kọ́kọ́ fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lámbò kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wá wo Àrò láti òkè òkun máa ń fi í wé Geel ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ní Geel, aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àjèjì. Ní Àrò, ẹni tó bí i tàbí ẹni tí wọ́n jọ bí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ọdún yẹn náà ni Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà àti Lámbò jọ lọ káàkiri àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń bi àwọn ènìyàn nípa ìlera ọkàn wọn. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1963 já irọ́ kan tí àwọn amúnisìn ti pa fún ọdún gbọọrọ, pé ọmọ Áfíríkà kì í ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó jẹ́ àìsàn, nítorí kò ronú tó bẹ́ẹ̀. Dókítà J. C. Carothers ti kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 1953. Àwọn abúlé Ẹ̀gbá fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àìsàn tí dókítà kò gbà pé ènìyàn lè ní, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣàánú ẹni tó ní in.

Ìwádìí mìíràn tún wà tí inú wa máa ń dùn sí jù bó ti yẹ lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1960, Àjọ Ìlera Àgbáyé tọpa àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ líle ní ìlú mẹ́sàn-án lágbàáyé, Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ti Ìbàdàn, Agra ní Íńdíà àti Cali ní Kòlóńbíà ti yá ju àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù, Moscow àti Washington lọ. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi yangàn pé ẹbí àti ilẹ̀ wa ló ń wo wèrè sàn. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ohun tó fà á. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pé ẹbí ni, ẹbí tí ó wà ní Ìbàdàn ìgbà náà kọ́ ni ó wà níbẹ̀ lónìí: àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, Kánádà àti Lọ́ńdọ̀nù, ìyá àgbà nìkan ló kù nílé.

Ìtúká ẹbí yìí wà lára ohun tó gba ètò abúlé Àrò lọ. Oògùn tuntun mú kí aláìsàn lè tètè balẹ̀, kó sì máa lọ sílé. Ìlú Abẹ́òkúta fẹ̀ títí ó fi gbé abúlé mì. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láti lọ máa dáná fún àbúrò rẹ̀. Ká sì sọ òtítọ́, ètò Lámbò wúwo lórí àwọn obìnrin. Ẹni tó máa ń bá aláìsàn gbé ni ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, tó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa Àrò, ìròyìn àwọn obìnrin wọ̀nyí ló kéré jù lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ọ̀pá àárín ilé náà. Lámbò fúnra rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973. Dókítà Tolani Asuni gba Àrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́ọ̀dù borí abúlé.

Kí ló wá kù? Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí fún ẹbí tó mú ènìyàn wọn lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà lónìí. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wòlíì, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ àlùfáà, owó ọwọ́ wọn ti tán. Ìjọba kì í san púpọ̀ fún wọn. Láti àpò ara wọn ni wọ́n ń san owó bẹ́ẹ̀dì, owó oúnjẹ àti owó oògùn, láti ìgbà tí náírà sì ti já ní 2023 ni oògùn ti gbówó lórí kọjá agbára ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn dókítà ọpọlọ kò pé 300 fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń ronú àtilọ, àwọn nọ́ọ̀sì náà ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Oyè Gureje, dókítà ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí ńlá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, wọ́n rí i pé nínú 100 ènìyàn tí àìsàn ọpọlọ mú gan-an láàárín ọdún kan, bíi 8 péré ló rí ìtọ́jú kankan gbà.

Àwọn olùwádìí yìí kan náà bi àwọn ènìyàn tó lé ní 2,000 léèrè ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́. Nínú 100, ó ju 96 lọ tó gbà pé aláìsàn ọpọlọ léwu, pé ó lè ṣe ènìyàn léṣe. Ó lé ní 82 tí ẹ̀rù á bà láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Àwọn tó ní àwọn lè fẹ́ ẹ kò pé 17. Ọdún 2005 ni wọ́n gbé e jáde. Inú ìran yìí kan náà ni nọ́ọ̀sì, dókítà, akọ̀wé tó ń kọ káàdì àti máígáàdì ẹnu géètì ti wá. Wọn kò fi ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká má gbé ìgbẹ́kẹ̀lé wa lé ojú rere.

Àánú inú wọ́ọ̀dù máa ń já sí ohun kéékèèké. Oògùn tó ń mú orí balẹ̀ lè mú ọwọ́ gbọ̀n, ó lè mú ahọ́n wúwo, kí itọ́ máa dà, kí ara máa sanra, kí ọkùnrin má lè ṣe ojúṣe rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ èyí fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, bó bá ti délé ni yóò da oògùn náà sínú gọ́tà, ẹbí á sì ní orí rẹ̀ ló tún ti dà rú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí dókítà fi ṣàlàyé ni ì bá ti dènà rẹ̀. Iná ọpọlọ, tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù jù, ṣiṣẹ́ fún ìrẹ̀wẹ̀sì líle, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti fi oògùn kun ènìyàn lóorun kí wọ́n tó fi sí i lórí. Ìwádìí ti fi hàn pé àwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà ń ṣe é láìkunni lóorun, nítorí kò sí ẹni tó mọṣẹ́ ìkunnilóorun tàbí kò sí owó rẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀sì tí ojú rere rẹ̀ lè pa ẹ̀rù yẹn rẹ́.

Àwọn tí kò rí ilé ìwòsàn lọ ń bẹ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch sọ ohun tí wọ́n rí ní ibi 28 tí wọ́n ti lọ wo aláìsàn ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá: ilé ìwòsàn ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé oníṣègùn, ilé àwọn àfáà. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n dè mọ́ irin tàbí mọ́ igi, àwọn mìíràn fún oṣù, àwọn mìíràn fún ọdún. Lọ́dún yẹn náà ni ọlọ́pàá kó àwọn tó ju 200 lọ jáde nínú ilé àtúnṣe kan ní Òjòó, Ìbàdàn. Gbogbo wa pariwo fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rọ̀.

Ó dára kí ilé aṣòfin fi òfin dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń dè báyìí, wọ́n sì ti ṣe é. Ní oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ, tó gba ipò òfin ọdún 1958, èyí tó ṣì ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin tuntun náà fi ààlà sí dídè àti títì aláìsàn mọ́ yàrá, ó ní kí wọ́n gba àṣẹ lẹ́nu aláìsàn kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ níbi tó bá ṣeé ṣe, ó sì fi ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tí yóò máa yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n dá dúró láìfẹ́ wọn wò. Òfin náà dára lórí ìwé. Àmọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ni púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ènìyàn, òfin Àbújá kì í sì í rìn dé ibẹ̀ bí wọn kò bá fúnra wọn gbé e wọlé.

Mo fẹ́ràn ohun tí Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe, tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2020. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé lọ bá àwọn oníṣègùn àti àwọn wòlíì nínú ilé wọn, ní agbègbè Ìbàdàn àti ní Kumasi, orílẹ̀-èdè Gánà. Aláìsàn 307 ni wọ́n tọpa. Kò sẹ́ni tó ní kí wòlíì má gbàdúrà. Wọ́n kàn ń fún aláìsàn ní oògùn lójú ẹni tó ń gbàdúrà fún un, wọ́n sì ń bá oníṣègùn sọ̀rọ̀ lórí ohun tí kò dára. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó gba ìtọ́jú àjùmọ̀ṣe yìí sàn ju àwọn tó wà ní ilé oníṣègùn nìkan lọ. Ọgbọ́n Lámbò ni wọ́n gbé wọ aṣọ tuntun: òṣìṣẹ́ ìlera ló ń rìn lọ bá aláìsàn níbi tí ẹbí rẹ̀ ti fi í sí.

Lápá ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀, ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe dókítà. Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó ń lẹ táyà ní Bouaké, Côte d'Ivoire, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó aláìsàn ọpọlọ kúrò ní ìgboro láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tó ń lọ sí abúlé láti já àwọn tí wọ́n dè mọ́ igi. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Saint Camille de Lellis, ti ní ilé ìtọ́jú púpọ̀, títí dé Avrankou nítòsí Àjàṣẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tí ara wọn ti yá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: àwọn ló ń fún ẹlòmíràn ní oògùn, àwọn ló ń bójú tó wọ́ọ̀dù. Àwọn dókítà kan ń ṣàríwísí pé àwọn tó kàwé tó kò pọ̀ tó nínú iṣẹ́ náà, àríwísí yẹn sì ní ìdí. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n já ìdè rẹ̀ lánàá, tó rí i pé nọ́ọ̀sì òun náà ti wà nínú ìdè rí, ti rí ohun tí ìwé dókítà kankan kò lè fi hàn án.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó nìkan ló ń wo ọ̀rọ̀ yìí sàn, ẹ jẹ́ ká dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹjọ 2010, àwọn òbí Olaseni Lewis, ọmọ ọdún 23, mú un lọ sí ilé ìwòsàn fúnra wọn nítorí orí rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá mọ́kànlá ló dì í mọ́lẹ̀ ní Bethlem Royal, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó dàgbà jù lọ ní Ìlú Ọba, títí ó fi dákú. Ó kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyá rẹ̀ kò dákẹ́. Ọdún méje kọjá kí àwọn ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ tó sọ pé agbára tí wọ́n lò ti kọjá ààlà. Ní 2018, wọ́n ṣe òfin tí àwọn ènìyàn ń fi orúkọ ọmọ náà pè: ilé ìwòsàn ọpọlọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá kan tó ń dáhùn fún lílo agbára, wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá di ènìyàn mú, kí wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní England, bí a bá wò ó lórí iye ènìyàn tí ìran kọ̀ọ̀kan ní, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń fi òfin dá dúró sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ju ìlọ́po mẹ́ta àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Dókítà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà, ìjọba ló ń sanwó. Ohun tí kò sí lálẹ́ ọjọ́ náà ni ètò tí yóò jẹ́ kí àwọn òbí tó mú un wá jókòó tì í.

Nílé níbí, Àrò fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ohun kan láti 2011: wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ní àwọn ilé ìlera alábọ́dé ìpínlẹ̀ Ògùn láti mọ àìsàn ọpọlọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti wárápá, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ ní àdúgbò. Ìyá tó ń gbé ní Ìmẹ̀kọ kò ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta fún oògùn oṣù kan ṣoṣo. Nínú gbogbo ohun tí mo yẹ̀ wò, èyí àti ìtọ́jú àjùmọ̀ṣe ti Ìbàdàn ni mo rò pé ó súnmọ́ ohun tí Lámbò ṣe jù, wọn kò sì béèrè pé kí ìyá ẹnikẹ́ni ti ìsọ̀ rẹ̀ pa fún oṣù mẹ́ta.

Mo wá ń bẹ àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá àti àwọn ilé aṣòfin wọn: ẹ gbé òfin 2023 wọ ìpínlẹ̀ yín, ẹ fi oògùn ọpọlọ sínú àwọn oògùn tí kò gbọ́dọ̀ wọ́n ní ilé ìlera alábọ́dé, ẹ sì kọ́ yàrá fún ẹbí mọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ẹ bá ń tún ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, ẹ má dè é, ẹ má sì dúró títí yóò fi wọ ọjà. Ẹ mú un lọ. Ẹ béèrè orúkọ oògùn tí wọ́n fún un àti ohun tí oògùn náà lè ṣe sí ara rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ máa lọ, ẹ béèrè ibi tí ẹ lè jókòó sí.